Ẹjọ́ Ológbò Tí Wọ́n Fá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá nínú páálí. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó wọ ẹ̀wù àrán, kò sì kí ẹnikẹ́ni.

Èmi ni akọ̀wé ààfin. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀: ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ògiri, ẹjọ́ àgbàrá òjò, ẹjọ́ ìyàwó tó ní ọkọ òun ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọ. Mi ò kọ irú eléyìí rí. Ìlà kẹta ni mo wà tí ẹ̀rín fi gba bírò lọ́wọ́ mi.

Aránṣọ ló pe ẹjọ́. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé páálí náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara ti ògiri kan náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lọkùnrin yìí nígbà tí wọ́n gbé aránṣọ wọlé ọkọ, nítorí náà, "ọkọ mi" ló ń pè é títí dòní, inú ì báà dùn, inú ì báà bàjẹ́.

Aránṣọ kúnlẹ̀. "Kí Baálẹ̀ pẹ́ fún wa. Ọkọ mi ni mo wá fẹjọ́ ẹ̀ sùn."

"Ọkọ ẹ?" Baálẹ̀ yí ojú sí mi, ó tún yí i padà. "Ṣebí a jọ sin ọkọ ẹ ni?"

"Èyí tó fẹ́ mi lẹ sin, Baálẹ̀. Èyí tó fẹ́ pa mí ló ṣẹ́kù."

Ọ̀tún Baálẹ̀ ti ń tòògbé láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí i.

"Kí ló ṣe fún ẹ?"

"Ó fá ológbò mi."

"Ó fa ológbò ẹ? Ó fà á níbo? Nírù?"

"Fà kọ́, Baálẹ̀. Fá. Bí wọ́n ṣe ń fá orí."

Baálẹ̀ wo onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀. Ọkùnrin arẹwà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kún, ó dúdú, ó gún régé. Irùngbọ̀n yẹn ni pátákó ìpolówó iṣẹ́ rẹ̀.

"Gbé ológbò náà jáde ká rí i," Baálẹ̀ ní.

Aránṣọ tú páálí. Ológbò jáde, ó na ara, ó jókòó sáàárín àgbàlá. Ẹ̀wù àrán tó wọ̀ bo ọrùn rẹ̀ dé ìdí, bọ́tìnnì mẹ́ta wà ní ikùn, wọ́n sì yọ ojú ihò fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Ìyálóde pàápàá tẹ̀ síwájú, ó wo ojú rírán.

"Bọ́ ẹ̀wù ẹ̀."

"Baálẹ̀, ojú á tì í."

"Mo ní bọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín níbí."

Aránṣọ tú bọ́tìnnì. Apá ọ̀tún ológbò náà dára bí ohun tí wọ́n ya sínú àwòrán: irun rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó jọ eérú tí wọ́n fi aró díẹ̀ pò. Apá òsì ńkọ́? Awọ lásán ni, ó funfun, ó pọ́n díẹ̀, bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu tán. Ààlà tó wà láàárín méjèèjì tọ́ gbọnrangandan láti àtàrí dé ìrù, àfi bíi pé wọ́n fi rúlà fà á.

Baálẹ̀ fi aṣọ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí gbogbo wa nu ojú tán, ó ní, "Ó dáa. Sọ tẹnu ẹ."

"Baálẹ̀, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rí i. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, gọ́tà kún. Mo ń gbọ́ ohùn bí ọmọ tuntun lábẹ́ kọnkéré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo na ọwọ́ títí dé èjìká, mo fà á jáde."

"Ta ló di ẹsẹ̀ yín mú kẹ́ ẹ má bọ́ sínú gọ́tà?" onígbàjámọ̀ dá sí i.

"Ẹ̀yin ni, ọkọ mi. Mi ò sọ pé ẹ ò dì í mú." Ó yí sí Baálẹ̀. "Mo fọ̀ ọ́, mo gbẹ ẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ jáde. Mo wo ojú ẹ̀, mo wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Mo ní eléyìí kì í ṣe ológbò ilé kan lásán. Ọmọ ọlọ́lá ni. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni. Tíṣà àdúgbò wa gbé ìwé dé, ó wò ó, ó ní láti Rọ́ṣíà ni ìran ẹ̀ ti wá."

"Rọ́ṣíà?" Ọ̀tún sọ. "Gọ́tà wa já sí Rọ́ṣíà?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," Ìyálóde ní.

"Látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń wá wò ó. Wọ́n á jókòó, a ó máa sọ̀rọ̀. Baálẹ̀, ṣáájú ìgbà yẹn, tí mo bá ti rán aṣọ tán, èmi àti máṣínì la jọ máa ń wo ara wa." Ó nu imú. "Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, mo sáré lọ fún oníbàárà kan ní ẹ̀wù ẹ̀. Ìgbà tí mo máa padà, Ọ̀gbẹ́ni wà lórí àga onígbàjámọ̀, wọ́n ti so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fá a láàbọ̀!"

"Kí lo ṣe?"

"Mo ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín wa pa. Látìgbà tí mo ti dé ilé wọn, ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé, a ò ti ilẹ̀kùn yẹn rí. Oúnjẹ alẹ́ tí a jọ máa ń jẹ, mo dá tèmi jẹ. Ṣùgbọ́n kò lọ lọ́fun."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Onígbàjámọ̀, ṣé ìwọ lo fá ológbò yìí, tàbí wọ́n parọ́ mọ́ ẹ?"

"Èmi ni mo fá a, Baálẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe fífá lásán. Ìwádìí ni."

"Ìwádìí?"

"Ìwé Tíṣà ló sọ ọ́. Ó ní ìran Rọ́ṣíà, irun méjì ló máa ń ní: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, nítorí òtútù ibẹ̀. Mo ní kí n wo ìsàlẹ̀."

"Kí lo rí nísàlẹ̀?"

"Awọ."

Ọ̀tún ṣubú lé Ìyálóde léjìká. Ìyálóde gbé e kúrò bí ẹrù.

"Ṣé ibi kékeré ò lè tó fún ìwádìí ni?" Baálẹ̀ béèrè.

"Ibi kékeré náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Baálẹ̀, kò ju bọ́tìnnì lọ. Ṣùgbọ́n ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mi ò lè fá nǹkan kí n fi í sílẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ, orúkọ mi wà níta. Mo ní kí n tún un ṣe díẹ̀. Bí mo ṣe ń tún un ṣe ló ń fẹ̀."

"Ológbò náà ò já?"

"Ó sùn ni. Ó fẹ́ràn kílípà. Kílípà ń ṣe hùn-ún, òun náà ń ṣe hùn-ún, wọ́n jọ ń dá ara wọn lóhùn."

"Kí ló wá jẹ́ kó o dúró ní àárín gbùngbùn?"

"Iná lọ."

"Bí iná ò bá lọ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ pé iná lọ, Baálẹ̀."

"Ẹ gbọ́!" aránṣọ dìde. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ mi ń sọ! Ẹ̀yin náà, orí yín ò pé, kí n má parọ́!"

"Ẹ ò gbọdọ̀ bú mi níwájú Baálẹ̀, ìyàwó."

"Mi ò bú yín. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́."

Ìyálóde ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Tíṣà ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ìkọ́ni ò tíì fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Ó gbé ìwé kan tó nípọn bí bíríkì dání, ó sì wọ awò ojú irú èyí tí í ṣú dùdù tí oòrùn bá ti kàn án. Inú oòrùn ló dúró sí.

"Ẹran yìí," ó sọ, ó na ìka, "ìran Rọ́ṣíà pọ́ńbélé ni. Àmì mẹ́ta. Ìkíní: àwọ̀ eérú. Ìkejì: ojú tútù bí ewé. Ìkẹta: ìwà pẹ̀lẹ́."

"Ojú tútù bí ewé kẹ̀?" Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ológbò. "Ojú eléyìí pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin."

"Ewé ni."

"Oyin ni!"

"Bó bá jẹ́ oyin, Ọ̀tún, a jẹ́ pé ìran Faransé ni. Ti Faransé lojú tiwọn máa ń jọ oyin. Ó wà nínú ìwé yìí kan náà, ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá." Ó ṣí ìwé. Ó ṣí i lọ, ó ṣí i bọ̀.

"Kà á fún wa," Baálẹ̀ ní.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, Baálẹ̀. Láti igba ó lé mẹ́rìnlá títí dé igba ó lé mọ́kàndínlógún ti lọ."

"Ibo ló lọ?"

Tíṣà fi ojú bá ológbò wí. "Ó jẹ ẹ́."

"Ó jẹ ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ìran ẹ̀?"

"Ẹni tó ní nǹkan tó fẹ́ fi pamọ́ ni í jẹ ìwé, Baálẹ̀."

Ìyálóde ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo awò ojú Tíṣà. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ni ẹ̀wù tí mo wọ̀ yìí?"

"Àwọ̀ eérú."

Pupa fòò ni ẹ̀wù Ìyálóde.

"Àga Baálẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọ̀ eérú."

"Irùngbọ̀n Baálẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọ̀ eérú."

"Ìyẹn tọ̀nà o," Ọ̀tún ní. "A jẹ́ pé Rọ́ṣíà ni Baálẹ̀ náà ti wá."

Baálẹ̀ ní kí Tíṣà lọ jókòó síbi òjìji. Nígbà náà ni Ìyálóde kọjú sí onígbàjámọ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀ báyẹn ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù.

"Onígbàjámọ̀."

"Ẹ̀yin Ìyálóde."

"Mo ti mọ̀ ẹ́ láti kékeré. Ìwé kan ṣoṣo tó o kà parí láyé ẹ ni pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ. Kí ló kàn ẹ́ kan ìran ológbò?"

Onígbàjámọ̀ tún wo ilẹ̀.

"Bí ológbò bá ti Rọ́ṣíà wá, bó bá ti òṣùpá wá, kí lèrè tìrẹ ńbẹ̀?"

Ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀rọ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni.

"Oníbàárà kan ló jókòó sórí àga mi. Mo ti fi ọṣẹ kùn ún ní àgbọ̀n. Ó gbọ́ tí ìyàwó ń sọ lódì kejì ògiri pé ọmọ ọlọ́lá ni Ọ̀gbẹ́ni. Ọkùnrin náà ní, ẹ̀hẹ́n, wọ́n ń wá ológbò òkèèrè kan tó sọnù o, aláwọ̀ eérú, ní ilé alájà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní òun á sọ fún wọn kí wọ́n wá wò ó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí."

Aránṣọ gbójú sókè.

"Baálẹ̀, ògiri àárín wa ò nípọn. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, odidi ọdún méjì, máṣínì nìkan ni mò ń gbọ́ lódì kejì. Kakaka, kakaka, láti àárọ̀ dalẹ́. Ológbò yìí dé, mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo pa kílípà kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Èmi tí mò ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn lójoojúmọ́, mo wá fẹ́ jókòó kí ẹnì kan wá gbé e sínú ọkọ̀ lọ? Mo ní kí n wò ó bóyá irun méjì ló ní. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, a bọ́."

"Bó bá jẹ́ méjì ńkọ́?" Ìyálóde béèrè.

"Mo rò ó pé, ẹni tí wọ́n bá fá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìyálóde, ta ló tún máa dá a mọ̀?"

Mo gbé bírò mi kalẹ̀. Ọ̀tún ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ní eruku ni.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, ọkọ mi?" Ohùn aránṣọ ti wálẹ̀.

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ tún ju ìkòkò lù mí."

"Ìdérí ni mo jù. Ìkòkò kọ́."

"Ó ṣáà bà mí."

"Kò dùn yín ju bó ṣe dùn mí lọ."

"Ẹ dúró ná," Baálẹ̀ ní. "Bí ológbò yìí bá ní ẹni tó ni ín, òfin ni òfin. A máa dá a padà. Ṣé ẹnì kankan wà níbí tó mọ ibi tó ti wá gan-an?"

Aránṣọ gbá ológbò náà mọ́ra. Onígbàjámọ̀ sún mọ́ ọn, ó dúró síwájú rẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

"Mo mọ ibi tó ti wá!"

Ẹlẹ́ja ló sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn. Kì í ṣe ẹjọ́ ló bá wá. Ẹja ló gbé wá fún àwọn ará ààfin, ó ti dúró láti ìbẹ̀rẹ̀, omi yìnyín ń kán láti inú abọ́ rẹ̀ sí gbogbo ilẹ̀.

"Abẹ́ tábìlì mi ló ti wá."

"Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tó o dákẹ́ látàárọ̀?"

"Ẹ ò bi mí, Baálẹ̀. Ìwé lẹ̀ ń bi."

Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó wá síwájú, ó di etí ọ̀tún ológbò mú. Ibì kan ti gé lára etí náà, bí èékánná.

"Ẹ wo ibí yìí."

"Àmì ìdílé ọlọ́lá nìyẹn," Tíṣà pariwo láti ibi òjìji.

"Ilẹ̀kùn fírísà mi ni. Ó fẹ́ jí ẹja, ilẹ̀kùn há a létí. Orí ẹja mẹ́ta ló ti jí kó tó pé oṣù márùn-ún. Ìyá ẹ̀ ni ológbò abilà tó máa ń sùn sábẹ́ tábìlì mi. Mẹ́rin ni wọ́n bí wọn, èyí nìkan ló jọ eérú."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀tún béèrè.

"Ọ̀tún, ta ló ń mọ bàbá ológbò?"

"Kí ló gbé e dé inú gọ́tà?"

"Mo lé e ni. Ó gbé odidi ẹja kan." Ó wo aránṣọ. "Ẹ má bínú, Ìyá Aránṣọ. Ìgbà tí mo rí i tó wọ àrán, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ní bó bá ti rí ibi tó dára gbé, kí ni mo fẹ́ máa sọ?"

Inú mi dùn débi pé mo kọ "ẹja" síbi tó yẹ kí n kọ "ẹ̀rí". Aránṣọ àti onígbàjámọ̀ di ara wọn mú, wọ́n ń fò. Ilé alájà mẹ́ta ò ní ohunkóhun í wá mọ́. Ọmọ ọlọ́lá ti di olè ẹja, kò sì sẹ́ni tínú rẹ̀ dùn tó aránṣọ tó fi í ṣe ọmọ.

"Ẹ má tíì fò," ẹlẹ́ja sọ. "Ta lẹ ní ó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni?"

"Òun náà."

"Ẹ wo ikùn ẹ̀."

"Ó sanra ni," aránṣọ ní. "Mò ń tọ́jú ẹ̀."

"Mo wò ó nígbà tí mò ń fá a," onígbàjámọ̀ ní. "Mo rò pé oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ tó ń ta ẹsẹ̀?"

Baálẹ̀ dìde lórí àga rẹ̀ kó lè wò ó dáadáa. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ológbò náà ti bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ, ó fò sórí àga, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí tìmùtìmù, ó dùbúlẹ̀, ó sì wo gbogbo wa pé ká gbé ojú kúrò.

A ò gbé ojú kúrò.

"Ọ̀gbẹ́ni ń rọbí!" aránṣọ kígbe.

"Ẹ gbé omi wá!" Ọ̀tún kígbe.

"Kí lẹ fẹ́ fi omi ṣe?" Ìyálóde bi í.

"Mi ò mọ̀! Wọ́n máa ń ní kí wọ́n gbé omi wá ni!"

Àkọ́kọ́ jáde. Àwọ̀ eérú. Tíṣà sáré kúrò lábẹ́ òjìji. "Rọ́ṣíà! Mo sọ fún yín!"

Ìkejì jáde. Dúdú kirikiri.

"Rọ́ṣíà... nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú," Tíṣà ní.

Ìkẹta jáde. Abilà, bí ìyá-ìyá rẹ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì.

Tíṣà pa ìwé rẹ̀ dé.

Ìkẹrin pẹ́ díẹ̀. Ìgbà tó jáde, pupa rúsúrúsú ni, bí irin tó ti dípẹtà, ìdí ìrù rẹ̀ sì funfun báláú. Ìyá lá a, ó sùn. Gbogbo àgbàlá pàtẹ́wọ́.

Baálẹ̀ fẹ́ jókòó kó lè dájọ́. Kò síbi tó máa jókòó sí. Ó wo àga, ológbò wò ó. Ó dúró.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi," ó ní lórí ìdúró. "Àkọ́kọ́: ẹni tó bá tún béèrè ìran ológbò yìí, kí ẹ sọ fún un pé ìran Abẹ́ Tábìlì ni, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Bí ará ilé alájà mẹ́ta bá dé, kó wá sọ fún mi èyí tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ nínú márùn-ún.

"Ìkejì: Tíṣà, ojú ewé mẹ́fà tí ológbò jẹ, ìwọ ni wàá tún un kọ. Wàá bọ́ awò ojú yẹn, wàá jókòó ti ológbò, ohun tó o bá rí ni wàá kọ."

"Mo gbà, Baálẹ̀."

"Ìkẹta: aránṣọ, kí ilẹ̀kùn yẹn ṣí kí oòrùn tó wọ̀ lónìí. Ìwọ tó o wọ àrán fún olè ẹja, o ò lè má dárí ji ẹni tó di ẹsẹ̀ ẹ mú létí gọ́tà.

"Ìkẹrin: onígbàjámọ̀. Ọkàn ẹ dára. Ọwọ́ ẹ ló yá jù. Irùngbọ̀n ẹ yìí, aránṣọ á gé apá òsì ẹ̀ kúrò lónìí, níhìn-ín, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ìránṣọ. Ọjọ́ méje méje ni akọ̀wé á máa fi téèpù wọn irun ológbò, á tún wọn tìrẹ. Bí tìrẹ bá sáré ju tológbò lọ, wọ́n á gé e kó bá a dọ́gba."

"Baálẹ̀!" Onígbàjámọ̀ di irùngbọ̀n mú. "Àwọn oníbàárà mi máa sá!"

"Sọ fún wọn pé iná lọ."

Aránṣọ ti yọ sísọ́ọ̀sì. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ọkọ mi. Ẹ má mira, kó má baà rí wọ́gọwọ̀gọ."

Wọ́n gé e. Ó dára lójú ju bí mo ṣe rò lọ. Ọwọ́ aránṣọ ò wọ́ rí. Mo ti fẹ́ fa ìlà sábẹ́ ẹjọ́ náà nígbà tí ológbò mìíràn gba ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù Baálẹ̀ jáde. Ológbò ààfin ni, àpọ́n ńlá tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe. Ó rọra rìn kọjá láàárín wa, ó gun apá àga, ó fimú gbóòórùn àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan, ó jókòó tì wọ́n bí onílé.

Pupa rúsúrúsú ni. Ìdí ìrù rẹ̀ funfun báláú.

Ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀tún wo ọmọ kẹrin, ó wo ológbò ààfin, ó tún wo ọmọ.

"Baálẹ̀," Ìyálóde ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ gan-an, "ẹ ní ìran Abẹ́ Tábìlì ni."

"Ìyálóde, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ọmọ ilé yín lọ sílé aránṣọ, kò gbàṣẹ, kò kí i, ó sì ń bọ̀ wálé ní gbogbo àárọ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹjọ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ bọ́ síbi tí onígbàjámọ̀ dúró sí."

Ẹ̀yin ará mi, Baálẹ̀ bọ́ sí i. Mo fi ojú ara mi rí i.

"Ṣé ẹ jẹ̀bi tàbí ẹ ò jẹ̀bi?"

"Mo jẹ̀bi," Baálẹ̀ ní. "Ẹ má gé irùngbọ̀n mi."

"A ò ní gé e. Àga yín di ti ìyá ọmọ títí ọmọ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi lajú. Títí dìgbà yẹn, orí ìdúró lẹ máa fi gbọ́ ẹjọ́. Ẹ sì lọ kí i báyìí, kó lè mọ̀ pé ilé tó bímọ fún ní ẹ̀kọ́."

Baálẹ̀ tún aṣọ ṣe. Ó lọ síwájú àga rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó tẹrí ba fún ológbò tí wọ́n fá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ kú ewu ọmọ, ìyàwó wa," ó ní. "Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa jẹ?"